Alwine, Obìnrin Tó Fi Tàdáwà Ya Ọkọ̀ Ogun

Ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Alwine Osterloh, ní àmì dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ọṣẹ ò sì ràn án. Tàdáwà ọdún mẹ́jọ ló wọnú awọ tó sì sọ ibẹ̀ di ilé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi ìka tèmi ra á, mo rò pé yóò kúrò. Àǹtí Alwine á rẹ́rìn-ín, á ní, "Imke, fi í sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi nìyẹn."

Gröpelingen, ní ìlú Bremen ní Jámánì, ni wọ́n bí òun àti ìyá mi sí, nínú ilé kan tí èèyàn lè ti ojú fèrèsé rẹ̀ rí àwọn kréènì ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ létí odò Weser. Bàbá wọn wà lára àwọn tó ń lu ìṣó gbígbóná mọ́ irin ara ọkọ̀. Ogún ọdún tó fi lu ìṣó ti di í létí pátápátá, nítorí náà igbe ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ iyọ̀ lórí tábìlì, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Àǹtí Alwine ní nígbà tí òun pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí olùkọ́ bi òun pé irú iṣẹ́ wo ni òun fẹ́ ṣe, èsì tí òun fọ̀ ni pé, "Èyí tí kò bá ti láriwo."

Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Wọ́n bá mú un sí ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán nínú ọgbà kan náà tí bàbá rẹ̀ ti ń lu ìṣó. Ọdún 1936 nìyẹn.

Iṣẹ́ náà rí báyìí. Àwọn ẹnjiníà á fi pẹ́ńsù ya ọkọ̀ sórí bébà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ tó wà ní yàrá Àǹtí Alwine á wá tẹ́ aṣọ funfun kan lé e lórí, aṣọ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí wọ́n ti fi sítáàṣì lé títí tó fi ń dán. Wọ́n á wá fi kálàmù ẹlẹ́nu méjì àti tàdáwà tọ gbogbo ìlà náà lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ara aṣọ yẹn ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ fi ń kan ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá sín, ìlà bà jẹ́. Bí òógùn bá kán sí i, sítáàṣì á yọ́. Bí ìlà bá sì ṣìnà, abẹ ni wọ́n fi ń ha á, díẹ̀díẹ̀, kí aṣọ má baà lu. Àwọn ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ kí aago méjìlá tó lù. Àǹtí Alwine ní ìyẹn lọ̀run tòun.

Ọ̀gá wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke, arúgbó kan tí irùnmú rẹ̀ ti pupa nítorí tábà, tó máa ń rìn kiri pẹ̀lú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Kì í yin èèyàn. Bí iṣẹ́ bá dára, á kàn kọjá.

Ní ọdún 1938 ni ọkọ̀ náà dé sórí tábìlì wọn. Ọkọ̀ ogun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní apanirun. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ àwọn ọ̀gágun tó ti kú, ṣùgbọ́n òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ṣe orúkọ wọn. Kò tẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà lọ́rùn. Wọ́n ní ẹ̀dá tí èèyàn máa fi ọdún méjì wò lójú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà lásán, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí gígùn rẹ̀ lé ní ọgọ́fà mítà, ìbú rẹ̀ ò sì ju méjìlá lọ. Bí obìnrin tó ga, tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ló rí lórí aṣọ funfun yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ní Berlin ò jẹ́ kó sinmi. Ìbọn tó tóbi, tó yẹ fún ọkọ̀ tó ju ú lọ, ni wọ́n fẹ́ gbé lé e. Wọ́n tún fẹ́ kí méjì wà pọ̀ nínú ilé irin kan ní iwájú, lórí imú ọkọ̀ gan-an. Gbogbo ìgbà tí lẹ́tà bá ti Berlin dé, ìwúwo iwájú á tún yí padà, Àǹtí Alwine á sì tún mú abẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ha ibẹ̀, tó tún un yà. Ní ìgbà kẹjọ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kọjá.

"Ọmọ mi," ló wí, "bí o bá di ẹrù òkúta lé orí ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́, báwo ló ṣe máa rìn?"

"Á tẹrí ba, sà."

"Òkun ò mọ ẹni tó tẹrí ba fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa gùn."

"Ṣé kí n má yà á, sà?"

"Yà á. Wọn ò bi wá léèrè. Ṣáà yà á kó dára."

Ìgbà ìrúwé ọdún 1940 ni Focko Tammen wọnú yàrá náà. Ogun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ọkọ̀ náà ti wà lójú omi, wọ́n ń parí inú rẹ̀, àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ sì ti dé ṣáájú kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìdí bọ́ílà ni Focko, ìyẹn àwọn ìkòkò irin mẹ́fà tó ń se omi di ooru tó ń yí ẹ̀rọ ọkọ̀. Ooru inú wọn le débi pé bí páìpù bá là, ojú ò lè rí ohun tó ń jáde. Ìgbálẹ̀ onígi gígùn ni àwọn ará ìdí bọ́ílà fi ń wá a. Wọ́n á máa na ìgbálẹ̀ síwájú nínú yàrá, ibi tí ọ̀pá rẹ̀ bá ti gé sí méjì, ibẹ̀ ni.

Ó wọlé pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n ká lábẹ́ abíyá àti òróró títí dé etí. "Ta ló ya eléyìí nínú yín?"

Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke ní, "Níbí, a máa ń kí èèyàn ká tó bi í léèrè ọ̀rọ̀."

"Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ta ló ya eléyìí?"

Àǹtí Alwine fi kálàmù sílẹ̀. "Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan lórí bébà. Lórí bébà, ó dùn ún wò. Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Tápù tí mo gbọ́dọ̀ dí kí ooru tó sè mí bí ọ̀dùnkún, ẹ̀yìn páìpù mìíràn lẹ fi í pa mọ́ sí. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó na ọwọ́ kan tó fẹ̀ bí ṣọ́bìrì. "Ibo lèyí máa gbà kọjá?"

"Kò lè wọ àpò ṣòkòtò yín pàápàá," ni Àǹtí Alwine dá a lóhùn.

Àwọn ọmọbìnrin bú sẹ́rìn-ín. Focko náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. "Ẹ wá fi tiyín wò ó, ẹni ọlọ́wọ́ kékeré."

Ẹnu ya gbogbo wọn nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke gbà. Ó ní, "Lọ. Ọdún méjì lo ti ń yà á, o ò tíì fojú kàn án."

Wọ́n yá a ní ṣòkòtò iṣẹ́ kan, ó sì tẹ̀ lé Focko sọ̀kalẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun dé orí ọkọ̀, òun wo òkè, òun wo ìsàlẹ̀. Ohun tí òun mọ̀ ní pẹrẹsẹ, ó ti dìde dúró. Òun mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà láàárín òpó èéfín àti yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun mọ ibi tí àkàbà wà kí àwọn tó rí i. Ní ìsàlẹ̀, nínú òórùn ọ̀dà àti òróró, ó fi ọwọ́ bọ àárín páìpù méjèèjì. Ọwọ́ náà kọjá, ó di tápù mú, ṣùgbọ́n kò lè yí i.

"Tèmi débẹ̀, kò lágbára," ló wí.

"Tèmi lágbára, kò débẹ̀. Àbí kí n máa gbé yín lọ sójú òkun?"

"Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì wá," ni Àǹtí Alwine sọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára irin, ibi tó yẹ kí wọ́n sún páìpù náà sí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sún un.

Láti ìgbà náà ni Focko ti ń rí àṣìṣe nínú àwòrán lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke wo ìkẹta pẹ̀lú dígí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Tammen, nínú ọkọ̀ kọ́ ni àṣìṣe yìí wà. Ẹ kúkú wá a lọ́jọ́ Sunday, ní ẹnu géètì." Ni wọ́n bá ń pàdé lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ agbègbè Leer, níbi tí wọ́n ti ń fi tíì yangàn, ni Focko, kò sì gbà pé ará Bremen mọ bí wọ́n ṣe ń po tíì. Ó máa ń fi ìwé di ṣúgà olókùúta wá láti ilé. Wọ́n á ra ẹja gígùn bí ejò, èyí tí wọ́n yan, wọ́n á fi ọwọ́ ya á jẹ létí odò, wọ́n á wá máa wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lókèèrè.

Nígbà tí ọkọ̀ náà máa lọ ní oṣù kẹwàá, àwọn ọmọbìnrin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke ṣí fìlà. Àǹtí Alwine ní, "Mo wò ó títí tó fi yí kọ́nà odò. Ìlà tí mo fi ọwọ́ ara mi fà ló ń lọ yẹn, ọkùnrin kan sì wà nínú ẹ̀. N ò mọ èyí tí mò ń sunkún fún nínú méjèèjì."

Ohun tí ọkọ̀ náà rí lójú òkun, díẹ̀díẹ̀ ni Focko fi sọ ọ́, nígbà ìsinmi àti lẹ́yìn ogun. Ọ̀rọ̀ Lüdeke ṣẹ. Nígbà tí wọ́n wá gbé ilé irin oníbọn méjì náà lé e níwájú, bí ìgbì bá ti dìde, imú ọkọ̀ á rì sínú omi, omi á gba orí rẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tukọ̀, àwọn oníṣẹ́ ìbọn ò sì ní lè yìnbọn. Ní àríwá Norway, omi yẹn máa ń di yìnyín lórí irin. Òòlù àti àáké ni wọ́n fi ń já a kó má baà dojú ọkọ̀ dé. Nígbà tí àwọn ti òkè ń gbọ̀n, àwọn ti ìdí bọ́ílà bọ́ra sílẹ̀ nínú ooru. Páìpù ò yé là. Wọ́n ní òwe kan nísàlẹ̀ níbẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta lójú òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Focko máa ń rẹ́rìn-ín bó bá dé ibẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn ló fi ń sọ̀rọ̀ àwọn bọ́ílà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó ọ̀dùnkún nínú ilé ìdáná wọn. Ó ní lọ́jọ́ kan wọ́n ri ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan. Òun gòkè wá gba atẹ́gùn, òun sì rí àwọn èèyàn nínú omi.

"Wọn ò kígbe," ló wí. "Fèrè kékeré tó wà lọ́rùn wọn ni wọ́n ń fọn."

Àǹtí Alwine bi í pé, "Ẹ ò dúró?"

"Wọ́n ní ká má dúró. A ò dúró."

Àǹtí Alwine na ọwọ́ mú ìkòkò tíì. Ó bu tíì fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà ò dúró, Focko." Ohun tó ń sọ yé mi nígbà tí mo dàgbà. Nígbà ogun, wọ́n fi túláàsì kó àwọn èèyàn wá láti Poland àti Rọ́ṣíà wá ṣiṣẹ́ ní ọgbà náà. Wọ́n máa ń kọjá lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì láàárọ̀, bàtà onígi ní ẹsẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wọlé. Àǹtí Alwine rí wọn lójoojúmọ́. Ó máa ń tẹrí padà sórí aṣọ, á máa ya ìlà rẹ̀. Kò wá àwáwí kankan rí.

Ní ọdún 1944, bọ́ǹbù jó ọ́fíìsì náà pẹ̀lú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó àwòrán sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Lüdeke dúró nínú eérú, ó ń fi igi ọwọ́ rẹ̀ tú u. Ó ní, "Ọdún méjìdínlógójì, Alwine," ó sì lọ sílé. Kò rí Kérésìmesì ọdún yẹn.

Ogun parí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá gé e tà fún alágbẹ̀dẹ. Focko dé ní ọdún 1946, ó gbẹ bí ẹja pánla, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Gröpelingen. Bàbá adití ló ṣílẹ̀kùn.

"Ta lò ń wá?" ni bàbá kígbe.

"Alwine, sà."

"Ta ni?"

"ALWINE!"

Gbogbo àdúgbò yọjú. Ìyá mi ní ọjọ́ yẹn làwọn ti mọ̀ pé ó máa lè bá wọn gbé.

Focko àti Àǹtí Alwine ṣègbéyàwó ní oṣù kọkànlá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi, aṣọ ò sì sí níbikíbi láti wọ̀ fún ọmọ tuntun. Àǹtí Alwine rántí aṣọ ìyàwòrán kan tí òun bà jẹ́ ní 1939, tí òun fi pa mọ́ sílé nítorí ìtìjú. Ilé ìdáná ọkọ̀ náà ló wà lára rẹ̀. Òun àti ìyá mi sè é lẹ́ẹ̀mẹta kí sítáàṣì lè yọ́. Aṣọ òwú tó rọ̀ bí ìyẹ́ ló jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi rán ẹ̀wù tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún mi. Tàdáwà ò jáde tán. Ìlà kéékèèké wà lẹ́yìn ẹ̀wù náà bí iṣan. Títí di òní, mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti wọ ọkọ̀ ogun rí, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Àwọn méjèèjì ò bímọ, ó wá jẹ́ pé ọmọ ilé méjì ni mí. Focko di ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ amúlégbóná ilé ìwé kan. Àǹtí Alwine ò padà sídìí ìyàwòrán mọ́. Ó ń tajà òwú àti abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Bí aago mẹ́rin bá lù, wọ́n á po tíì bí àwọn ará Leer, wọ́n á da wàrà lé e láìro ó, wọ́n á dákẹ́ láti gbọ́ bí ṣúgà olókùúta ṣe ń dún nínú ife. Inú yàrá yẹn ni mo ti mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ jẹ́.

Lọ́dọọdún, ní oṣù kọkànlá, àwọn tó kù nínú àwọn atukọ̀ náà máa ń pàdé ní ilé oúnjẹ kan ní Bremerhaven. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Focko àti Àǹtí Alwine lọ ní ọdún 1974. Ẹ̀fọ́ àti sọ́séèjì ló wà lórí tábìlì, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn àtọdúnmọ́dún. Ubbo, ọkùnrin sísanra kan tó jẹ́ ará ìdí ìbọn, dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀! Ọdún mẹ́rin gbáko lẹ ò rí oòrùn. Bí òkété lẹ ṣe rí!"

"Ẹ̀yin ará òkè," ni Focko dá a lóhùn, "ta ló ń gbé yín rìn? Ìbọn yín tí kì í dún, tó jẹ́ pé omi ló ń mu ṣáá?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan wọlé, ẹni bí àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, tó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pe nọ́ńbà ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń béèrè nọ́ńbà ilé. Gbogbo wọn yíjú sí i.

Edeltraut Kurschat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlà Oòrùn Prussia, ilẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ Jámánì nígbà tí ogun parí. Inú ìwé ìròyìn ló ti rí i pé wọ́n ń pàdé. Ó ní ní oṣù kẹrin ọdún 1945, nígbà tí àwọn ń sá fún ogun, ọkọ̀ yìí kó àwọn ní èbúté Hela, ó ń gbé àwọn lọ sí Denmark. Èèyàn pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé kò síbi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ìyá òun ń ṣàìsàn, òtútù sì ń pa á. Atukọ̀ kan fà wọ́n gba àárín èrò lọ síbi kan tó gbóná, wọ́n jókòó níbẹ̀. Ìyá òun kú níbẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn tó rí ilẹ̀.

"N ò wá bá yín ṣẹjọ́," ló wí. "Ẹ ṣojúure sí wa. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí mo jókòó sí. Mi ò mọ ọkọ̀, mi ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Tí mo bá ti dijú báyìí, ìyá mi wà ní ibi kan tí kò níbì kankan."

Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ papọ̀. Ubbo ní lẹ́yìn òpó èéfín àkọ́kọ́ ni. Òmíràn ní rárá o, ìdí ilé ìdáná ni. Wọ́n ń pariwo, ọ̀rọ̀ ò sì lójú. Mo wo ojú obìnrin náà, ó ti fẹ́ máa padà sẹ́yìn.

Àǹtí Alwine dìde. "Ẹ gbé àwo kúrò."

"Ìyàwó wa, a ò tíì jẹun tán," ni Ubbo sọ.

"Ubbo, gbé àwo ẹ kúrò."

Bébà funfun ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà. Ó yí i dojú dé, ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ, ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣe rúlà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá tí kò ti ya ìlà kan. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá ọ̀nà, ó fa ìlà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ọwọ́ náà rántí. Ilé ìbọn jáde, òpó èéfín méjèèjì jáde, àkàbà, ìlẹ̀kùn, àwọn páìpù. Àwọn arúgbó náà yí i ká bí ọmọ ilé ìwé. Ẹnì kan fi ìka kan ibì kan, ó ní, "Ibùsùn mi rèé," kò sì gbé ìka náà kúrò.

Àǹtí Alwine ò gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáàfin Kurschat, kí ló gbóná? Ẹ̀yìn yín ni, àbí abẹ́ yín?"

"Méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa tutù. Omi ń ta sí i."

"Ṣé ẹ lè na tán bí ẹ bá dìde?"

"Rárá. Páìpù kan wà lókè. Mo fi orí gbá a."

"Páìpù náà, ṣé ó nípọn?"

"Bí apá mi yìí."

"Àkàbà ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ òsì. Mo ka àtẹ̀gùn rẹ̀ nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Márùn-ún ni."

Àǹtí Alwine fi ẹnu pẹ́ńsù sí àlàfo kan láàárín òpó èéfín kejì àti yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo tí kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, ó sì fa àmì àgbélébùú síbẹ̀. "Ibí ni. Àkàbà alátẹ̀gùn márùn-ún ò sí níbòmíràn. Páìpù tó gbá yín lórí yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya á kó tó dúró níbẹ̀."

Focko sún mọ́ ọn. Ó wo àmì náà pẹ́. "Bọ́ílà tiwa ló wà lábẹ́ ibẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "A ṣí ìdérí tó wà lókè sílẹ̀ kí ooru lè jáde sára yín. Ọ̀gá wa bú wa, a tún un ṣí. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Abẹ́ yín gan-an ni mo wà, màmá."

Edeltraut fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀ bí ẹni ń bo ojú ọmọ. Ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Ó wá jókòó sí àga Ubbo, ó sunkún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dákẹ́.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Àǹtí Alwine mú ọ̀bẹ, ó sì gé ibẹ̀ kúrò lára àwòrán náà, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.

"Háà!" ni Ubbo kígbe. "Ìyàwó wa, ògiri la fẹ́ gbé e kọ́ sí!"

"Ẹ gbé ìyókù kọ́."

Wọ́n gbé ìyókù kọ́ lóòótọ́. Ó wà lára ògiri ilé oúnjẹ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, àwọn àlejò á sì máa béèrè bóyá bọ́ǹbù ló bà á níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé, Focko ń wo ìta láti ojú fèrèsé. "Àwọn tó ń fọn fèrè yẹn," ló wí, "ta ló máa ya ibi tiwọn fún àwọn ọmọ wọn?" Àǹtí Alwine di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Edeltraut ò já wa sílẹ̀. Oṣù kọkànlá tó tẹ̀ lé e, ó gbé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi hóró dúdú kéékèèké sí wá láti Oldenburg, níbi tó ń gbé. Ó tún wá lọ́dún kejì, àti lọ́dún kẹta, títí ó fi wá ń sùn mọ́jú nílé Àǹtí Alwine. Focko kọ́ ọ ní tíì pípo, ó sì ń fi í ṣẹ̀sín pé ará Prussia ń ṣahun ṣúgà jù. Nígbà tí Focko kú ní 1979, òun ló dúró ti Àǹtí Alwine lápá kejì mi, tó fún un ní ankáṣíìfù.

Ní ọdún 1983, ọgbà náà tilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbé àsíá dúdú kọ́. Mo mú Àǹtí Alwine àti Edeltraut lọ sétí odò. Àwọn kréènì dúró láìmira. Edeltraut ní, "Ó dákẹ́ o." Àǹtí Alwine ní, "Bàbá mi ì bá ti gbádùn ẹ̀," àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú.

Àǹtí Alwine kú ní ìgbà òjò dídì ọdún 1988, lórí ibùsùn rẹ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí Edeltraut ń ka ìwé ìròyìn sí i létí. Ẹlòmíràn ló ń gbé ilé wọn báyìí, ìdílé kan láti Turkey, wọ́n sì ti gbin tòmátì sí ojú fèrèsé. Nígbà mìíràn tí mo bá gba àdúgbò yẹn kọjá, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tèmi, kí n lè rin ibi tó kù. Òórùn odò náà ò yí padà. Bí aago mẹ́rin, àsìkò tíì wọn, bá ti ń sún mọ́lé, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà sí ilé yẹn, mo sì máa ń jẹ́ kó lọ díẹ̀, títí dé ẹnu géètì, kí n tó pè é padà.